ÌṢỌ́RA: BÍ WÍWO ARA ẸNI ṢE KÚRÒ LỌ́WỌ́ ÀWỌN MỌ́ŃKÌ BỌ́MÀ, TÓ DI TI GBOGBO AYÉ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n inú agboolé wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá àwọn ará Japan jà ní ilẹ̀ Bọ́mà, láàárín 1943 sí 1945. Agbègbè Arakan ni wọ́n ti jà, ní àfonífojì odò Kaladan. Orúkọ Arakan yẹn náà ni wọ́n fi sọ bárékè àwọn ṣójà ní Àpápá. Bàbá Bọ́mà kì í sọ ìtàn ogun. Bí ẹmu bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni ti àwọn bàbá kan tí wọ́n fá orí kodoro, tí wọ́n ró aṣọ aláwọ̀ osùn, tí wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ. Á ní, "Wọn ò lọ síbì kankan o. Ńṣe ni wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara ẹ̀." Àwa ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín.

Ó di ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, tí mo sì ti ń dáfá fún ènìyàn, kí n tó ka ìwé tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí Bàbá Bọ́mà rí ní orúkọ, ó ní ìlànà, ó sì ní ìtàn. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwa náà ń bá fà lójoojúmọ́: bí ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gbẹ̀rì, ta ni ó jèrè, kí ni ó sì sọnù?

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè wa máa ń pè é ní àṣàrò. Àṣàrò dára, ṣùgbọ́n ohun tí àṣàrò jẹ́ ni kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, kó máa rò ó síwá sẹ́yìn. Ti àwọn ará Bọ́mà yìí kì í ṣe ríronú rárá. Ní èdè Pálì, tí í ṣe èdè ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀, sati ni wọ́n ń pè é, ìrántí sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ohun tí àwa ń pè ní iyè. Kì í ṣe ìrántí ohun àná. Ìrántí pé mo wà níbí báyìí ni, pé èyí ni mò ń ṣe. Ní 1881 ni Gẹ̀ẹ́sì kan, T. W. Rhys Davids, túmọ̀ rẹ̀ sí mindfulness, orúkọ yẹn ló sì kárí ayé. Tèmi, mo rò pé a ti ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ tí a kò kà sí: ìṣọ́ra. Ẹ tú u wò. Ṣíṣọ́ ara ni. A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ sọdá títì, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí gan-an ni pé kí ènìyàn jókòó ti ara rẹ̀, bí ọlọ́dẹ ṣe ń jókòó ti ọjà lóru.

Ìwé tó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ni Satipaṭṭhāna Sutta, ìkẹwàá nínú àkójọ ìwàásù Búdà tí wọ́n ń pè ní Majjhima Nikāya. Ibi mẹ́rin ni ó ní kí ènìyàn máa ṣọ́: ara, ìmọ̀lára, bóyá ó dùn ni, bóyá ó ń dunni ni, tàbí kò ṣe méjèèjì, ọkàn fúnra rẹ̀, àti àwọn nǹkan tí ọkàn ń bá pàdé. Ara ló ṣáájú, nínú ara náà, èémí. Jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ gún, di ojú. Bí èémí bá wọlé, mọ̀ pé ó wọlé. Bó bá jáde, mọ̀ pé ó jáde. Má fà á, má dá a dúró. Ọkàn yóò sá lọ dandan, kì í tilẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú kan. Rí i pé ó ti sá, kí o sì padà. Má bá ara rẹ jà nítorí rẹ̀. Kò sí ọfọ̀ níbẹ̀, kò sí ère tí a ń wò, kò sí ẹ̀mí tí a ń pè.

Ó rọrùn létí! Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ogún ìṣẹ́jú ni mo dá fún ara mi láàárọ̀. N ò tíì mí lẹ́ẹ̀mẹwàá tí mo fi bá ara mi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa tí èmi àti àbúrò mi ń fà. Mo ti rojọ́, mo ti dá ẹjọ́, mo ti jàre, kí n tó rántí pé èémí ni mo jókòó ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mo tó rí i pé kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àyà mi á ti kọ́kọ́ há, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á ti le. Ara ti mọ̀ kí ọkàn tó wí i. Mo jókòó, mo wò ó, ó dúró díẹ̀, ó sì lọ. Ẹjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní vipassanā nìyẹn, rírí kedere: kí ènìyàn rí bí ìbínú tàbí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ṣe ń dé, bó ṣe ń dúró, bó ṣe ń lọ, láìtẹ̀ lé e jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá ń rí i bẹ́ẹ̀ léraléra yóò mọ ohun mẹ́ta: pé kò sí èyí tó ń dúró lójú kan, pé dídì í mú ló ń fa ìnira, àti pé kò sí "èmi" kan tó ni ín. Lórí ìkẹta yìí, èmi tí mo ń bọ orí mi kò bá wọn gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má sọ ohun tí wọ́n sọ bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ọba wà

Nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn ni Búdà kọ́ àwọn ènìyàn ní apá àríwá Índíà. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní láya, àwọn kò ní ṣòwò, àwọn kò ní fọwọ́ kan owó, ni wọ́n pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń kà á lórí. Ẹgbẹ́ kan á mú apá kan, ẹgbẹ́ kejì á mú òmíràn, wọ́n á sì jùmọ̀ máa ké e kí àṣìṣe ẹnì kan lè hàn sétí àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí kíkọ́ odù ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n tó kọ ọ́ sórí ewé ọ̀pẹ ní Sri Lanka.

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí. Wọ́n rò pé láti ayé Búdà ni gbogbo ẹlẹ́sìn rẹ̀ ti ń dijú jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní Bọ́mà, iṣẹ́ mọ́ńkì ni kí ó mọ ìwé, kí ó pa òfin mọ́, kí ó kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Iṣẹ́ ará ìlú ni kí ó bọ́ mọ́ńkì, kí ó sì gba èrè rẹ̀ ní ayé àtúnwá. Àwọn díẹ̀ nínú igbó ló ń jókòó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ayé ti jìnnà sí ìgbà Búdà jù kí ẹnikẹ́ni tó lè ríran dé ibi tó rí i dé, ó sàn kí a ṣe rere kí a sì dúró de Búdà mìíràn tí ń bọ̀. Ọba ni òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ọba ló ń yan olórí àwọn mọ́ńkì, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń lé ẹni tó bá ba ẹ̀jẹ́ jẹ́. Mindon, tó jọba láti 1853 sí 1878, gbẹ́ gbogbo ìwé mímọ́ náà sára òkúta mábù 729, ó sì kọ́ ilé kékeré bo òkúta kọ̀ọ̀kan ní Mandalay. Ó parí rẹ̀ ní 1868. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù Bélú 1885, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ ogun gba orí odò Irrawaddy wọ Mandalay. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ogun náà fi parí. Wọ́n mú Thibaw, ọmọ Mindon, wọ́n gbé e lọ sí Ratnagiri ní Índíà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1916. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1886 ni wọ́n kéde pé gbogbo Bọ́mà ti di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tuntun náà kò gbà láti ṣe iṣẹ́ tí ọba ń ṣe fún ẹ̀sìn. Àwa tí àwọn bàbá wa rí ogun Ìmàgbọn ní Ìjẹ̀bú ní 1892, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa bí ilẹ̀ ṣe ń rí lọ́jọ́ kejì irú rẹ̀.

Ledi Sayadaw

Mọ́ńkì kan wà tí wọ́n bí ní 1846 ní agbègbè Shwebo, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Mandalay nígbà ayé Mindon. Lẹ́yìn tí ìlú fọ́, a bá a nínú igbó Ledi nítòsí Monywa. Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ti wá, Ledi Sayadaw. Sayadaw ni wọ́n fi ń bọlá fún mọ́ńkì tó jẹ́ olùkọ́.

Ohun tí Ledi rò nìyí: bí ọba tó ń dáàbò bo ẹ̀sìn kò bá sí mọ́, ta ni yóò gbà á? Ó ní gbogbo ìlú ni. Bẹ́ẹ̀ ló mú Abhidhamma, apá tó le jù nínú ìwé mímọ́ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́ńkì pàápàá ń sá fún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Bọ́mà lásán kọ́ àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti àwọn obìnrin. Ó sọ kókó rẹ̀ di ewì kí wọ́n lè kọ́ ọ sórí. Ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ilé ìtẹ̀wé sì ń bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ní 1901 ni ìwé rẹ̀ kan jáde tó fi hàn pé àṣìṣe wà nínú àlàyé àwọn àgbà kan tí ẹnikẹ́ni kì í ta kò. Ariwo sọ! Àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìwé lórí ìwé dá a lóhùn.

Èyí tó ṣe kókó jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ó ní kò di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú igbó láti mú ọkàn rẹ̀ dúró gbọin kó tó lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ìdúró ọkàn díẹ̀, láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tulẹ̀ lè ṣe é. Mo ka gbolóhùn yìí sí ìlẹ̀kùn tí gbogbo ohun tó kù gbà kọjá. Ẹ kíyè sí i pé Ledi kò ṣí i nítorí pé ó ka ìmọ̀ náà sí ohun kékeré. Ó ṣí i nítorí pé ó ń bẹ̀rù kó má pòórá. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà ogbó, ó sì kú ní 1923.

Àgbẹ̀ àti akọ̀wé ìjọba

Ọ̀kan nínú àwọn tí Ledi pàṣẹ fún pé kó máa kọ́ni kì í ṣe mọ́ńkì. Àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan ní òdìkejì odò tó wà níwájú Rangoon. Saya Thetgyi ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì. Àrùn onígbáméjì ló pa àwọn ọmọ rẹ̀, ìbànújẹ́ yẹn ló sì gbé e jáde nílé lọ wá ohun tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1937 ni akọ̀wé ìjọba kan sọdá odò wá bá a. U Ba Khin ni orúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì àwọn akàǹtáǹtì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dúró tì í díẹ̀. Nígbà tí Bọ́mà gba òmìnira ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1948, òun ni wọ́n fi ṣe Akàǹtáǹtì Àgbà fún ìjọba tuntun. Ẹni tó bá mọ ilé iṣẹ́ ìjọba mọ ohun tó ń bẹ níbi tí owó wà. U Ba Khin kò gba rìbá, kò sì fi ojú kéré wo ẹni tó gbà á. Nínú ọ́fíìsì yẹn náà ló ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èémí, tó sì di 1950 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ọ́fíìsì náà. Ní 1952 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Rangoon. Ìdílé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, fáìlì ń bẹ lórí tábìlì rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìṣọ́ra wà fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ti ọkùnrin yìí ni kí ẹ sọ fún un.

Bọ́ǹbù ní Shwebo

Ní àkókò tí Bàbá Bọ́mà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Arakan, mọ́ńkì mìíràn ń kọ̀wé ní Seikkhun, abúlé kan nítòsí Shwebo. Mahasi Sayadaw ni, wọ́n bí i ní abúlé yẹn ní 1904. Ó ti lọ sí Thaton kọ́ ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Mingun Sayadaw, láti 1938 ló sì ti ń kọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ní 1945, ọkọ̀ òfuurufú ń ju bọ́ǹbù sí Shwebo. Oṣù méje ló fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí vipassanā nínú ariwo yẹn. Mi ò mọ ìwé púpọ̀ tí a kọ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìkanra kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀nà ti Mahasi rọrùn láti ṣàlàyé. Dípò ihò imú, ikùn ni kí o ṣọ́: bó bá wú, sọ ọ́ nínú pé "ó ń wú", bó bá rọ̀, "ó ń rọ̀". Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, "ríro, ríro". Bí o bá ń ronú, "ríronú". Bí o bá ń rìn, ṣọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe gbéra, bó ṣe lọ síwájú, bó ṣe balẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Bọ́mà nípa kíka ẹsẹ̀. U Nu, olórí ìjọba àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, wà lára àwọn tó pe Mahasi wá sí Rangoon ní 1949. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 25. Ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó kú ní 1982.

Lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni obìnrin kan láti Chittagong, Nani Bala Barua, tí wọ́n bí ní 1911. Ọmọ méjì ni ó pàdánù. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1957. Àìsàn ọkàn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún un ń jẹ́ Dipa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Dipa Ma, bí àwa ṣe máa ń sọ pé Ìyá Dípà. Nígbà tó padà sí Calcutta ní 1967, inú yàrá kékeré ló ti ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá àyè mìíràn, kí wọ́n ṣọ́ ọwọ́ tó ń fọ àwo, kí wọ́n ṣọ́ ara tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, òun ni mo rò pé ó mú ọ̀rọ̀ Ledi dé òpin rẹ̀.

Ohun tó kọjá òkun

Ibi tó kù yìí, ẹ ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. S. N. Goenka, oníṣòwò ọmọ Índíà tí wọ́n bí ní Mandalay ní 1924, ní túúlu burúkú kan tí wọ́n ń fi mọfíìnì bá a wò. Ó ti wá ìwòsàn dé Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan. Ní 1955 ó tọ U Ba Khin lọ, U Ba Khin sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́: ó ní bó bá jẹ́ orí fífọ́ nìkan ló bá wá, kó padà, nítorí ohun tí òun ń kọ́ni kì í ṣe oògùn orí. Goenka padà wá pẹ̀lú èrò mìíràn. Ní 1969 ó gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Índíà, ọjọ́ mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, láìgba owó iṣẹ́. Ní 1994 ó ju ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n lọ tó jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Tihar ní Delhi. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó kọ́ lọ́dọ̀ Goenka, Dipa Ma àti àwọn mìíràn ṣí ibùdó kan ní Barre, ní Massachusetts, ní 1976. Ní 1979, ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ yẹn náà ní Worcester, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tí ìrora kò jẹ́ kó sùn. Ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wọlé.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ohun tí U Ba Khin tìtorí rẹ̀ lé Goenka padà, òun gan-an ni wọ́n fi ṣí ìlẹ̀kùn ní Worcester. Èmi kò dá Kabat-Zinn lẹ́bi. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro láti ọdún mẹ́wàá kò nílò kí a fi odù kankan dá a lóhùn kó tó rí ìtura. Ṣùgbọ́n ní Bọ́mà, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, yóò kọ́kọ́ gba èèwọ̀ márùn-ún: má pa ohun ẹlẹ́mìí, má jalè, má ṣe ìṣekúṣe, má purọ́, má mu ohun tó ń pani. Èèwọ̀ yìí ló kọ́kọ́ já bọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ já bọ́. Èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré, nítorí ní 2017 àwọn olùwádìí kan ní Brown University, Jared Lindahl àti Willoughby Britton pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tí ìjókòó yìí mú ẹ̀rù, àìróorunsùn tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti bá jà rí kò gbọdọ̀ dá a ṣe fún ọjọ́ gígùn láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí àti dókítà rẹ̀.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ̀yin òǹkàwé yóò rò pé èèwọ̀ àti olùkọ́ nìkan ló sọnù, pé ibi tí wọ́n ti pé pérépéré, ohun gbogbo gún. Ó yẹ kí n sọ èyí tó kù. Ìjọba ṣójà yí orúkọ Bọ́mà padà sí Myanmar ní 1989, Arakan sì ń jẹ́ Rakhine báyìí. Ní 2007, àwọn mọ́ńkì rọ́ jáde sí ìgboro lòdì sí ìjọba ṣójà, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó wọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù Ògún 2017, nígbà tí àwọn ṣójà ń sun abúlé àwọn Rohingya ní Rakhine, tí ó ju 700,000 ènìyàn lọ tó sá wọ Bangladesh, àwọn mọ́ńkì kan wà tó ń wàásù gbe àwọn ṣójà náà. Èèwọ̀ wọn pé. Wọ́n ní olùkọ́.

Bàbá Bọ́mà ti dolóògbé tipẹ́. Àwọn abúlé tó ń jó nínú fọ́tò inú ìwé ìròyìn lọ́dún yẹn, Arakan kan náà tí òun ti jà ni wọ́n wà. Mo ń wò wọ́n, mo ń ronú kan àwọn bàbá tó rí tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ ara wọn lórí ilẹ̀ yẹn, mo sì ń bi ara mi pé àwọn tí wọ́n kọ́, àti àwọn tí ìyẹn náà tún kọ́, apá ibo ni wọ́n dúró sí?